Páàdì Tí Wọ́n Gé Ẹnu Rẹ̀

Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn débi pé àwọn tó ń ta bàtà ní òdìkejì dìde dúró wò mí. Mo di páàdì géèmù kan mú, irú èyí tí mo ti ń fi gbogbo ara wá kiri. Bọ́tìnnì rẹ̀ pé, ara rẹ̀ dá ṣáká, ṣùgbọ́n wọ́n ti gé wáyà rẹ̀ kúrò.

Tòkunbọ̀ ohun ìṣeré ọmọdé ni mò ń tà l'Ágége: ọkọ̀ kéékèèké, ọmọláńgidi, géèmù àtijọ́ tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, àti páàdì tí wọ́n fi ń ta á. Bàbá Tóyì, ìyẹn bàbá ohun ìṣeré, ni gbogbo ọjà ń pè mí, bíi pé wọn ò sọ mí lórúkọ l'Ógbómọ̀ṣọ́. Ìyàwó mi ní kò yẹ kí àgbàlagbà máa fi ohun ìṣeré jẹun. Ẹ bá mi bi í, kí ló rò pé a fi rán àwọn ọmọ níléèwé?

Ṣeun, olùkọ́ kan tó jẹ́ ọmọ Èkìtì, ló bẹ̀ mí pé kí n wá páàdì yìí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Dàpọ̀, jẹ́ onígbàjámọ̀ nítòsí Allen. Ó ṣubú lórí ọ̀kadà, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì kán. Egungun ti jinná, ṣùgbọ́n àwọn ìka kò ká mọ́. Nọ́ọ̀sì fún un ní bọ́ọ̀lù kékeré pé kó máa tẹ̀ ẹ́, ó jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ti ń wá ẹni tó máa gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ òun. Géèmù tí òun àti Ṣeun ń ta ní kékeré ṣì wà nílé, ó sì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ èkúté ti jẹ páàdì rẹ̀, ẹnu páàdì tuntun kò sì wọ̀ ọ́. Ẹnu là ń pe orí wáyà tó ń wọnú ẹ̀rọ.

"Bàbá, ẹ bá mi wá a," ni Ṣeun wí. "Ẹ̀gbọ́n mi ò lè rí i kí n máa ta á kó má gbà á lọ́wọ́ mi."

Bí wọ́n bá já béèlì, ìyẹn ẹrù tòkunbọ̀ tí wọ́n dì, lọ́dọ̀ wa, ńṣe ni wọ́n máa ń gé gbogbo wáyà kúrò lára ẹrù kó má baà lọ́ mọ́ra wọn. Wọ́n á kó wáyà náà sínú àpò fún àwọn tó ń ra bàbà inú rẹ̀. Àlàájì tó ni béèlì ti fi àlùmọ́gàjí rẹ̀ kúkú ṣe iṣẹ́ yẹn kí n tó dé bá páàdì yìí nínú ẹrù. Lójú tirẹ̀, wáyà ni wáyà. Ó ní oníbàbà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àpò náà jáde ni.

Mo sáré, èmi tí mò ń lo oògùn orúnkún. Mo bá ọkùnrin náà níbi tó ti ń di àpò mọ́ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ó ní òun ò lè tú àpò tí òun ti rán. Mo ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kó rán èmi náà mọ́ ọn. Ẹ̀rín pa á, ló bá tú u.

Mo da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ tì í. Wáyà áyọ́ọ̀nù, wáyà fáànù, wáyà rédíò, gbogbo rẹ̀ lọ́ pọ̀. Àkọ́kọ́ tí mo rò pé òun ni, kì í ṣe òun. Ìgbà tí mo fa òmíràn yọ, ibi tí àlùmọ́gàjí ti gé e wọ́gọwọ̀gọ bá ti ara páàdì mu régí. Mo kígbe Alláhù Akbar, àwọn tó wà nítòsí sì gbè é láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ ò lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó.

Ọjọ́ yẹn náà ni mo gbé e lọ sí Computer Village, tí wọ́n bá mi jó wáyà náà pọ̀ láwọ̀ láwọ̀. Mo gba ilé wọn lọ tààrà. Dàpọ̀ kọjú sí ògiri. Ṣeun so géèmù, ó bẹ̀rẹ̀ sí ta á, ó ń kùnà, ó sì ń fọ́nnu. Nígbà tó yá, Dàpọ̀ yíjú padà.

"Gbé e wá," ló wí. "Láti kékeré lo ò ti mọ̀ ọ́n ta."

Àtàńpàkò rẹ̀ kò ká. Ó fi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́tìnnì, ó pàdánù, ó pòṣé, ó tún bẹ̀rẹ̀. Títí mo fi kí wọn pé ó dàbọ̀, kò gbójú kúrò níbẹ̀.

Ìgbà tó pẹ́ díẹ̀, mo gbọ́ pé ó ti padà ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo sì yà síbẹ̀. Àwọn oníbàárà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wo ọwọ́ ọ̀tún yẹn, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ gbé orí sílẹ̀. Mo ṣí fìlà, mo lọ jókòó sórí àga rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ó dá yín lójú?"

"Tó o bá gé mi létí, mo mọ ibi tí wọ́n ti ń jó o pọ̀."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Àtàńpàkò rẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìgẹrun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó tàn.

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi yí mi po. Ó ní irun yìí mà dáa o, ta ló gé e? Mo ní tóyì ni.