Bí Mo Ṣe Nu Pélé Kúrò Lójú Màmá Wa

Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà tún fọ́tò ṣe nílé mi ní Awóyáyà. Fọ́tò kan ṣoṣo tí olóògbé màmá wa yà ni mo fi kọ́ ọ. Òjò ti ba ti orí pépà jẹ́. Ti inú kọ̀ǹpútà ló kù.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, n kì í sì í fara mọ́ ìdọ̀tí. Gbogbo ìlà tí mo rí ni mo nù. Nígbà tó mọ́ tónítóní, mo tọ́jú rẹ̀ dípò ti àtijọ́, mo sì fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìkátẹ̀ láti fi yangàn.

Wọ́n pè mí kíákíá. "Tíṣà, ta lo fi ránṣẹ́ yìí?"

"Màmá wa ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Màmá ta? Ìpara wo lo fi pa wọ́n lójú tí pélé wọn fi parẹ́?"

Mo wá ti àtijọ́ nínú kọ̀ǹpútà, n kò rí i mọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, tí ẹ̀dà rẹ̀ tí mo ti fi ránṣẹ́ sí wọn lọ́jọ́sí ṣì wà lórí fóònù wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n: ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fọ́tò yín kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.