Abọ́ Tó Ń Tò fún Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Bàrígà, ẹ̀yin ọmọ mi, abọ́ ló máa ń bá wa tò nílé ìwòsàn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ìyá mi á ti lọ gbé abọ́ tánńganran wa sílẹ̀ lẹ́nu géètì, lẹ́yìn ohun tí ẹlòmíràn ti gbé síbẹ̀, á sì padà wálé wá po ògì. Mo ṣì ń rí wọn. Abọ́ tiwa funfun, etí rẹ̀ búlúù, ó ti họ nídìí. Agbọ̀n ni ti ìyá ẹlẹ́ja, ará Ìlàjẹ tí yàrá rẹ̀ kángun sí tiwa. Òórùn ẹja yíyan kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì í mú. Bíríkì, agolo mílíìkì, sálúbàtà ẹsẹ̀ kan, kò sí èyí tí a ò mọ ẹni tó ni ín.

Bí ìlà bá ń lọ, ẹni tó wà níbẹ̀ ló ń fẹsẹ̀ sún ẹrù ẹni tí kò sí. Bí ìyá mi bá pẹ́, ìyá ẹlẹ́ja á ti máa kígbe: "Ìyàwó, o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀! Abọ́ ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba abẹ́rẹ́!"

Láìpẹ́ yìí, ojú mi ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Mo lọ gba ọjọ́ àyẹ̀wò nílé ìwòsàn kan lápá Palmgrove, níbi tí wọ́n ti ń wo aláìsàn tó ń ti ilé wá. Mo bá èrò lórí àga gbọọrọ. N kò mọ ìgbà tí mo gbé fìlà mi síbẹ̀, tí mo bọ́ síta lọ gba atẹ́gùn. Nígbà tí mo padà, èrò ti sún, fìlà mi sì ti wà lójú fèrèsé.

Agbálẹ̀ ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Mo rò pé ẹnì kan gbàgbé ẹ̀ ni."

Mo padà sí ẹ̀yìn pátápátá. Nígbà tó kàn mí, ọmọbìnrin tó ń fúnni lọ́jọ́ ní, "A máa kán oògùn sójú yín, sà. Tẹ́ ò bá mú èèyàn wá, a ò ní ṣe é o. Nọ́ńbà ẹni tó máa tẹ̀ lé yín ńkọ́?"

Mo mọ oògùn náà. Ó ń mú kí ọmọlójú fẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á wá máa gúnni lójú. Ṣùgbọ́n ta ni kí n mú wá? Ìyàwó mi ti di olóògbé. Àwọn ọmọ tí mo bí wà lókè òkun. Àwọn tí a jọ ń gbélé kò mọ̀ mí ju "ẹ káàárọ̀ sà" lọ. Síìmù méjì ló wà nínú fóònù mi, tèmi sì ni nọ́ńbà méjèèjì. Mo fún un ní ìkejì.

Nígbà tó ku ọ̀la, fóònù mi dún.

"Ẹ káalẹ́ sà. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa tẹ̀ lé Bàbá wá lọ́la?"

"Èmi ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá wá o. Wọn ò ní lè dá mọ̀nà ilé."

"Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n dá wá."

Ayé ti dára sí i, n kò jiyàn. Kò sẹ́ni tó ń jí lọ gbé abọ́ sẹ́nu géètì mọ́. Wọ́n ń pe ènìyàn nínú ilé rẹ̀ kó má baà gbàgbé. Ṣùgbọ́n abọ́ ìyá mi, abọ́ lásánlàsàn tó ti họ nídìí, kò dá wà lórí ìlà rí.