Ojú Ìwé Tí Ó Kẹ́yìn

Bí mo bá ṣí ìwé tuntun, tí òórùn bébà àti tàdáwà rẹ̀ fẹ́ sí mi nímú, ẹ̀yìn ni mo kọ́kọ́ máa ń lọ, kí n rí i dájú pé ojú ìwé tí ó kẹ́yìn wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ mi a sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mẹ́ta ni mo kà tán lóṣù yìí, n kò sì gba ìkankan gbọ́ tán. Ti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni àkọ́kọ́: ìyàwó olóògbé tí kì í sọ̀rọ̀ ni mo fura sí, àṣé káfíńtà tó kan pósí ni apààyàn. Ìkejì jẹ́ ìtàn ìgbésí ayé ọ̀gá ìjọba kan tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Irọ́ wà níbẹ̀. Ìkẹta jẹ́ ìwé oúnjẹ, tó ní ìṣẹ́jú márùn-ún ni ọbẹ̀ ẹ̀gúsí fi ń jinná. Ẹni yẹn kò tíì dáná rí.

Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Èmi ti mu tèmi lámujù láti kékeré. Ní Ìdógùn, ní kíláàsì karùn-ún, èmi àti Bọ́sẹ̀dé ọ̀rẹ́ mi jọ ń ka ìwé ìtàn kan tí tíṣà yá wa. Lábẹ́ igi kòkó bàbá rẹ̀ la ti ń kà á sókè, tí à ń lá kòkó tútù. Olè kan ń jí ewúrẹ́ kó nínú ìtàn náà, a kò sì mọ ẹni tí í ṣe. Nígbà tó ku ojú ìwé kan, Bọ́sẹ̀dé gbé ìwé náà fún mi, mo gbé e sùn nílé láìṣí i, nítorí a ti ṣàdéhùn pé a óò jọ ka ìparí ni. Nígbà tí a ṣí i lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti ya ojú ìwé tó kẹ́yìn lọ.

Mo ní òun ló ya á kó tó gbé ìwé fún mi. Ó ní, "Èmi kọ́ o." Mo fẹjọ́ sùn, tíṣà nà án lójú gbogbo kíláàsì, ọ̀rẹ́ wa sì tán níbẹ̀.

Nígbà tí màmá àgbà mi, tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà náà, kú, èmi náà ti di abiyamọ. A ń kó ẹrù yàrá rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí ọmọdé wọ̀, mo sì rí ojú ìwé náà tí wọ́n fi ògì lẹ̀ mọ́ ògiri lókè ibùsùn: àwòrán ọkùnrin onírùngbọ̀n, aṣọ funfun lọ́rùn, ewúrẹ́ léjìká. Màmá àgbà kò mọ̀wé. Ó rò pé Olùṣọ́-Àgùntàn Rere ni. Àṣé iwájú olè ewúrẹ́ ló ti ń kúnlẹ̀ gbàdúrà láràárọ̀! Mo rẹ́rìn-ín, mo sì rọra ṣí bébà náà kúrò lára ògiri.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, níbi tí Bọ́sẹ̀dé ń gbé nílé ọkọ. Ó ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ fún ẹgbẹ́ mi, mo bẹ̀ ẹ́, mo na bébà náà sí i pé kí a jọ ka ìparí.

"Ìwọ kà á," ó wí. "Láti ọjọ́ tí tíṣà ti nà mí, n kò ṣíwèé mọ́."

Mo kà á fún un. Ó ń bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, inú fóònù lẹ ti ń kàwé, kò sí ìyá àgbà tó lè ya á. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ṣì ń bẹ tí ẹ lè fura sí. Ìwé tí mo ti kà kò lóǹkà. Ti Bọ́sẹ̀dé parí sí kíláàsì karùn-ún, èmi ni mo sì fà á.