Orin Ẹ̀gbọ́n Jóṣúà Lókè

Ẹ̀gbọ́n Jóṣúà ń jó, ó ń kọrin, kò sì mọ̀ pé òun ń kú lọ. Èmi náà kò tètè mọ̀.

Àwa méjèèjì là ń di ẹrù sínú ọkọ̀ òfuurufú ní Ìlọrin nígbà náà. Bí a bá dì í tán, a ó fi okùn gbà á mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, a ó sì bá a fò lọ sí Òkè Ọya. Ọmọ Ìlọ́fà ni Jóṣúà, òun ni ọ̀gá mi. Ọmọ Òsì ni mí. Ìjọ Aládùúrà kan náà la ń lọ. Irùngbọ̀n ti hù lágbọ̀n mi kí n tó wọ ilé ìwé, nítorí náà ohun tí wọ́n bá kọ́ mi kì í tètè kúrò lórí mi.

Ọkọ̀ wa kò ní ẹ̀rọ tí í ti atẹ́gùn kún inú rẹ̀ bí irú èyí tí àwọn èrò ń wọ̀. Ìsàlẹ̀ la máa ń fò. Bí òjò bá mú wa gòkè, a ó fi ìbòmú bo imú àti ẹnu. Rọ́bà gígùn ló so ó mọ́ àgbá atẹ́gùn. Nọ́ọ̀sì tó kọ́ wa ní ìlò rẹ̀ sọ pé atẹ́gùn òkè fúyẹ́, kì í tó ọpọlọ lò.

"Kò ní dùn yín," ó ní. "Inú yín ni yóò máa dùn. Ẹni tó bá ń yọ̀ láìnídìí, ẹ wo èékánná rẹ̀; bí kò bá pọ́n mọ́, ẹ fi ìbòmú bò ó kíá."

Jóṣúà rẹ́rìn-ín. "Nọ́ọ̀sì, orí òkè ni mo ti ń gbààwẹ̀ láti kékeré. Òkè mọ̀ mí."

"Òkè tí ẹ fẹsẹ̀ gùn kọ́ ni mò ń wí, bàbá."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ṣú bo iwájú wa. Awakọ̀ ké sí wa pé òun ń gòkè, kí a wọ ìbòmú. A wọ̀ ọ́. Kò pẹ́, okùn kan tú lẹ́yìn ọkọ̀, àwọn àpótí sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀. Rọ́bà ìbòmú kò gùn débẹ̀. Jóṣúà bọ́ tirẹ̀.

"Mò ń bọ̀," ó ní.

Ó pẹ́. Orin ni mo gbọ́, orin ìjọ wa, ohùn rẹ̀ sì dùn ju ti ọjọ́ ìsinmi lọ. Ó ń jó láàrin àwọn àpótí. Ní ìjọ wa, bí Ẹ̀mí bá bà lé àgbà, a kì í fọwọ́ kàn án. A ó dijú, a ó máa ṣe àmín. Mo ti ń dijú lọ.

Okùn ọwọ́ rẹ̀ ni mo rí. Ọkùnrin tí kókó okùn rẹ̀ kì í tú ń so okùn mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó rò pé àpótí ló ń so. Mo wo èékánná rẹ̀. Ó dà bí ti aláró.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bọ̀!"

"Ọmọ Òsì, má fọwọ́ kàn mí! Ìwọ ẹlẹ́ran-ara! Ẹ̀mí ń bẹ lára mi!"

Orí kejì okùn náà wà nílẹ̀ nítòsí mi. Mo fà á. Ó ṣubú, mo sì wọ́ ọ bọ̀ bí ewúrẹ́ tó jẹ iṣu oníṣu. Mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ìbòmú mọ́ ọn lójú. Ó jà, ó rọ̀, kò mira mọ́. Mo pe orúkọ Jésù. Díẹ̀díẹ̀, èékánná rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

Ó lajú. "Kí ló dé tí o so mí bí ẹran?"

"Ẹ̀yin lẹ so ara yín, ẹ̀gbọ́n."

Kò rántí orin, kò rántí ijó. Nígbà tí a balẹ̀, ó jókòó sábẹ́ apá ọkọ̀, mo sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ṣé orin náà dùn?"

"Ó dùn."

"Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù."

Láti ọjọ́ náà, kí awakọ̀ tó sọ̀rọ̀ ló ti ń wọ ìbòmú.

Mo ti fẹ̀yìn tì sí Òsì báyìí. Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá ń jó nínú Ẹ̀mí, èékánná rẹ̀ ni mo ń wò. Ìyàwó mi, nígbà ayé rẹ̀, a máa fi ìgúnpá gún mi: "Bàbá Ṣọlá, ẹ dijú, àdúrà là ń gbà." Kò sí ẹni tó ń gún mi mọ́.

Jóṣúà wá síbi ìsọjí wa lọ́dún tó kọjá. Ó ti darúgbó. Ẹ̀mí gbé e, ó jó yí gbogbo ilé ìjọsìn ká, ojú rẹ̀ dì pinpin. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó la ojú kan, ó na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí mi kí n wò ó, ó sì jó kọjá.