Òkété Tó Fẹ́ Lé Màmá Mi Lọ Sílé

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, ló gbé ọ̀rọ̀ òkété wọlé láti ilé ìwé rẹ̀ níbí, nílùú òyìnbó tí à ń gbé. Ó ní lọ́jọ́ kan ṣoṣo nínú ọdún, níbẹ̀rẹ̀ oṣù Fẹ́búárì, ẹranko kan máa ń yọ jáde látinú ihò. Bó bá rí òjìji ara rẹ̀, òtútù ṣì máa pẹ́ nílẹ̀. Bí kò bá rí i, òtútù ti ń palẹ̀ mọ́ nìyẹn.

Màmá mi, tó jókòó sórí àga pẹ̀lú súwẹ́tà méjì lọ́rùn, ní kí n fi àwòrán ẹranko náà han òun lórí fóònù. Ó wò ó dáadáa. "Òkété nìyí. Èyí tó sanra. Ṣé wọn kì í jẹ ẹ́ níbí ni?"

"Grandma, no!" ọmọ mi pariwo. "He tells the weather!"

Díákónẹ́ẹ̀sì ni màmá mi. Ó ní kí n má jẹ́ kí wọ́n fi òkété ba ọmọ òun jẹ́. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí, nítorí òtútù ti sú u. Láti Kérésìmesì ló ti di gbogbo ẹrù rẹ̀ sínú àpótí, títí kan ọ̀já tó fi ń pọn ọmọ ọwọ́ wa, ó ní òun ń lọ sílé. Bẹ́ẹ̀, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìyàwó mi fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, daycare sì ti sọ fún wa pé kò sí àyè títí di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí màmá bá lọ, iṣẹ́ ìyàwó mi lọ nìyẹn. A ti bẹ̀ ẹ́ títí ẹnu fi rẹ̀ wá.

"Ó dáa," ó wí. "Bí òkété yín bá ní òtútù ń lọ, mo dúró. Bó bá ní ó kù, ẹ gbé mi lọ sí airport. Ẹ ò gbọdọ̀ tún bẹ̀ mí."

Bí èmi ẹnjiníà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ òkété nìyẹn o.

Nígbà tó di ọjọ́ náà, gbogbo wa kó sí mọ́tò, ó di ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìtajà kan nítòsí àdúgbò Sunridge, níbi tí òkété yóò ti jáde. Ojú ọ̀run ṣú, snow ń bọ́ wẹ́wẹ́. Wọ́n ti fi páálí ṣe ihò ńlá kan. Ọkùnrin kan mú máíìkì, ó ka one, two, three, òkété sì yọ. Ó ga jù mí lọ! Ẹsẹ̀ méjì ló fi ń rìn, irun bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì wọ bàtà snow.

Màmá mi fa ìyàwó mi lápá. "Sún sẹ́yìn! Egúngún ni!"

"Grandma, it's just a guy in a costume," ọmọ mi wí, gbogbo èèyàn sì gbọ́.

"Pa ẹnu ẹ dé!" Màmá mi fi ìbọ̀wọ́ bò ó lẹ́nu. "A kì í sọ bẹ́ẹ̀! Ará ọ̀run ni!"

Díákónẹ́ẹ̀sì wa! Ní ìlú tí wọ́n ti bí i, obìnrin kì í sọ pé èèyàn wà lábẹ́ ẹ̀kú, ó sì hàn pé kò tíì gbàgbé. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti kúnlẹ̀ lórí snow. "Ẹ kú àbọ̀ o, bàbá." Òkété ò mọ ohun tí yóò ṣe. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, lòun náà bá kúnlẹ̀. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n ń ya fídíò.

Lẹ́yìn náà ni òkété dìde, ó wo ilẹ̀, ó fọwọ́ bojú, ó sì sá padà sínú ihò.

"He saw his shadow!" onímáíìkì pariwo. "Six more weeks of winter!"

A wa mọ́tò padà sílé wa ní àdúgbò Savanna. Màmá mi gba basement lọ tààrà, níbi tí àpótí rẹ̀ wà, mo sì gbọ́ tó ń ṣí síìpù. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Inú mi bàjẹ́ gan-an, kì í sì í ṣe ti daycare nìkan. Láti ìgbà tó ti dé ni mo ti ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ tí mo ń rí ẹni tó ń bi mí bóyá mo ti jẹun.

Lókè, ọmọ ọwọ́ bú sẹ́kún. Màmá mi gòkè wá, ó dúró níwájú mi.

"Ìwọ ẹnjiníà. Ṣé oòrùn ràn lónìí?"

"Rárá, mà."

"Kò tilẹ̀ yọjú?"

"Snow ló ń bọ́ láti àárọ̀, mà."

"Òjìji wo ló wá rí?"

Ìgbà náà ni mo tó rí i pé ọ̀já ọmọ wà léjìká rẹ̀.

"Irọ́ ló pa," ó wí. "Mo tún kúnlẹ̀ fún un! Kúrò lọ́nà, jàre, ọmọ mi ń ké."