Póìntì Orí Pósí Orrin

Ẹni tí kò bá mọ Wendell Haugen ará Duluth ní Amẹ́ríkà á rò pé ọ̀làwọ́ ni. Bí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ti jẹun tán níta, á sáré fi káàdì rẹ̀ san owó gbogbo wọn, lẹ́yìn náà á gba ti kálukú padà lọ́wọ́ wọn. Torí póìntì ni. Bó bá ṣe ń fi káàdì náwó tó ni báǹkì ń fún un ní póìntì tó lè fi wọ bàálù lọ́fẹ̀ẹ́.

Nígbà tí Orrin àbúrò rẹ̀ kú, ó bi ẹni tó ń ta pósí pé, "Ṣé ẹ ń gba káàdì?" Oṣù mẹ́ta ni Marlys, ìyàwó Orrin, ò fi bá a sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kan, Wendell gbé tíkẹ́ẹ̀tì bàálù wá fún Marlys: Bergen ní Norway, ìlú baba ńlá Orrin, tí olóògbé fẹ́ rí títí tó fi kú.

"Ìyàwó wa, Orrin ló san án. Póìntì orí pósí rẹ̀ ni."

Inú ṣì ń bí Marlys, ṣùgbọ́n ó fẹ́ mọ̀. "Báwo ni pósí ṣe ń di bàálù?"

"Ká ní mo ná póìntì yẹn ní báǹkì ni, áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ kan péré ni wọn ì bá fún mi. Mo kó o lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ bàálù kan, ló bá di ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé."

Marlys yẹ tíkẹ́ẹ̀tì náà wò síwá sẹ́yìn. "Àlọ nìkan ni mo rí."

"Póìntì ò tó àbọ̀."

"Bùọ̀dá Wendell, ta la wá máa sin kí n tó lè padà wálé?"