Wọ́n Wọ Ṣọ́ọ̀bù Mi, Wọn Ò Kí Mi

Fìlà ni mò ń rán nídìí Ọjà'ba láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ṣì dúdú. Nígbà tí ìyàwó mi wà láyé, èmi ń rán, òun ń tà; tí mo bá ń rán fìlà lálẹ́, òun ló máa ń pariwo pé ojú mi á fọ́. Lẹ́yìn tó lọ, mò ń rán, mò ń tà, mo tún ń bá ara mi sọ̀rọ̀. Àwọn tá a jọ ń ta fìlà ti kó lọ sí ọjà Gbági lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá di ọjọ́ kan tí mo jókòó láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, ẹnì kan ṣoṣo ló yà lọ́dọ̀ mi. Ọ̀nà Ìdí Arère ló ń béèrè.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà l'Ábújá pè mí.

"Bàbá kékeré, ẹ ti ṣọ́ọ̀bù yẹn, kẹ́ ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Yàrá ti wà nílẹ̀."

"Kí n wá máa ṣe kí ni?"

"Ẹ ó máa sinmi ni."

Tí mo bá sinmi fóṣù méjì, ìsìnkú ló kù. Mo ní kó jẹ́ kí n dán títà orí ayélujára wò. Bí mi ò bá ta fìlà kan ṣoṣo níbẹ̀ kí Iléyá tó dé, mo máa di ẹrù mi.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi fóònù pamọ́ tí òjò bá ṣú?"

"Èmi náà ni."

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, àmọ́ ẹni tó lè ka àkọlé ẹ̀yìn mọ́tò lè ka ojú fóònù. Mo rí ibì kan tí wọ́n ti ń fúnni ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti tò sílẹ̀ tán, lọ́fẹ̀ẹ́. Tìẹ ni kó o ṣáà fi ọjà rẹ sí i. Èyí tí mo mú ní fọ́tò òyìnbó kan lókè tó ń mu tíì, tó ń rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mi ò fi mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́. Ká sòótọ́, mi ò fi bẹ́ẹ̀ wá a. Tí mo bá jí, màá kí i. Ọjọ́ tí mo yọ ọ́, tí mo fi fọ́tò fìlà gọ̀bì pupa kan rọ́pò rẹ̀, ilé dá fún mi.

Ó wá ku bọ́tìnnì tó máa ṣílẹ̀kùn fún aráyé. Mo rò pé tí mo bá ṣì í tẹ̀, wọ́n á ta ilé bàbá mi mọ́ fìlà. Mo gbé fóònù sórí tábìlì, mo na ọwọ́ látòkèèrè, mo tẹ̀ ẹ́, mo sì sá bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àgbàlagbà tó ń sá fún nǹkan tí kò tó ọṣẹ ìfọṣọ!

Iye owó ni mo ti ṣìṣe. Ní Ọjà'ba, ẹni tó bá kọ́kọ́ pe iye tó fẹ́ gbà gan-an ò mọ ọjà. Ìlọ́po mẹ́ta là ń pè é, kí oníbàárà lè rí ibi ná an dé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo kọ ọ́ sórí fìlà gbogbo. Mo wá jókòó, mò ń retí ẹni tó máa sọ pé olè ni mí.

Ṣọ́ọ̀bù náà máa ń sọ iye ẹni tó wọlé. Mẹ́rin. Mọ́kànlá. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ogún. Kò sẹ́ni tó ní "ẹ kú ọjà o." Lọ́jà wa, ẹni tí kò bá rà, á tiẹ̀ pòṣé kó tó lọ. Ogún èèyàn kọjá lọ́dọ̀ mi, ẹsẹ̀ ẹnì kankan ò dún.

Iléyá ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yẹ ṣọ́ọ̀bù náà wò, ó pè mí.

"Bàbá kékeré, ta ló fẹ́ ra fìlà níye yìí? Wọn kì í nájà níbẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ bá kọ nìyẹn."

"Báwo ni wọ́n ṣe wá ń bára wọn sọ̀rọ̀?"

"Wọn kì í sọ̀rọ̀."

Èyí ló bà mí lẹ́rù ju bọ́tìnnì lọ. Mo wá inú àwọn nǹkan ọ̀fẹ́ náà títí, mo rí ibi tí èèyàn ti lè kọ̀wé sí ọlọ́jà, mo tan án. Mi ò yí iye padà. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sókè: "Ọjà mi ṣe é ná. Ẹ wọlé, ẹ bá mi sọ̀rọ̀."

Lọ́jọ́ kẹta, bí mo ṣe kírun ìrọ̀lẹ́ tán, fóònù dún. Obìnrin kan ló kọ̀wé láti ìlú òyìnbó.

"Ẹ kú ọjà o, Bàbá onífìlà. Ṣé wúrà lẹ fi rán gọ̀bì yìí ni?"

"Ojú mi ni mo fi rán an. Ó wọ́n ju wúrà lọ."

"Ìdá kan nínú mẹ́ta ni mo máa san."

"Apá òsì fìlà nìkan nìyẹn o."

"Ẹ wá fi apá ọ̀tún ṣe èènì fún mi!"

Mo rẹ́rìn-ín débi tí àwọn ewúrẹ́ ìta fi wo ojú fèrèsé. Ohun tó kọ́kọ́ pè yẹn gan-an ni iye mi. Mo lè gbà lójú ẹsẹ̀. Mo fà á títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ó ní bàbá òun tó wà nílé lòun ń rà á fún, orí bàbá náà tóbi; mo ní fìlà mi gba orí màlúù. Ó ní ṣé wọ́n ṣì ń fínná sun àgbàdo nísàlẹ̀ òkè Mápó. Mo ní wọ́n ṣì ń fín in. Nígbà tí kò sí ohun tí mo tún lè fi dá a dúró mọ́, mo ní kó sanwó. Ó san án. Ó ní "Ẹ ṣé o, Bàbá," ó sì lọ.

Mo pe Àbújá. "Mo ti ta ọ̀kan. Mi ò wá mọ́."

"Ẹ kú oríire, Bàbá kékeré. Ta ló wà lọ́dọ̀ yín báyìí?"

"Ọjà ni."

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo ti borí: ilé mi ni mo máa dá gbé. Mo tan iná, mo kó òwú sábẹ́rẹ́, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ojú mi á fọ́.